Kí O Tó Fa Okùn Ewúrẹ́ Lé Ẹlòmíràn Lọ́wọ́

Agbo Ilé Alárán,
Bẹyẹrúnká,
Ìbàdàn.

Sìdíkátù Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Ara mi le, orúnkún mi nìkan ni kò gbọ́ràn. Mo kí ọkọ rẹ, mo kí ajá yín, mo kí ewúrẹ́ yín, mo kí olóńgbò tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì bí onílé. Bí mo bá kí ènìyàn nìkan nílé yín, wọ́n á ní n kò tíì kí yín tán.

Iṣẹ́ tí o rán Mọ́mọ̀dù oníkẹrosíìnì sí mi dé lánàá. Mo ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó dé. Ó ní iṣẹ́ ìjọba tún ń gbé Làmídì ọkọ rẹ lọ sí Jọ́ọ̀sì fún oṣù mélòó kan, pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń lọ, pé kí n bá ọ sọ fún Ìyá Oníyanrìn kó tún wá jókòó ti ilé àti àwọn ẹran, nítorí pé òun ló ti mọ̀ wọ́n. Mo ní kí Mọ́mọ̀dù tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo ní ṣé bí o ṣe wí i nìyẹn, ṣé o kò fi nǹkan kan sí i? Ó ní ó tán. Àbẹ̀kẹ́, mo gbé ẹ̀wà náà sílẹ̀, n kò sì ṣa á mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìyá Oníyanrìn wo? Ṣé Sàláwátù àbúrò mi ni, ọmọ ìyá mi, tí ẹ̀yin ọmọ ń fi ilé ọkọ rẹ̀ pè? Ṣé ẹni tó pọ̀n ọ́ nígbà tí àìsàn dá mi dùbúlẹ̀, tí àwọn ará ọjà rò pé òun ló bí ọ? Ṣé òun náà tí o fi ẹnu lé kúrò ní Yemẹtu lọ́dún tó kọjá, tí kò sì tíì wọ inú géètì yín mọ́ láti ọjọ́ náà? Ó yà mí lẹ́nu pé o tún rí ẹnu ránṣẹ́ sí i.

Mo mọ̀ pé Yemẹtu kò jìnnà. Bí mo bá gba Bẹẹrẹ, tí mo rọra ń rìn, n ó débẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́. Bí mo bá wá, wàá kúnlẹ̀, wàá gbé àga, wàá po tíì, wàá ní, "Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹun ná," a ó sì máa sọ̀rọ̀ títí a ó fi bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ìwé kì í mu tíì. Ilé-ẹ̀kọ́ àgbà tí o fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń lọ, iṣẹ́ rẹ̀ nìyí lónìí. Jókòó kí o kà á délẹ̀. Má gbé e fún Làmídì kó máa kà á sókè fún ọ, torí pé èyí tó bá kàn án yóò fò ó.

Láyé tiwa, a kì í wá ẹni tó máa jókòó ti ẹran. Nínú agbo ilé wa yìí, bí mo bá fẹ́ lọ sí Ìsẹ́yìn, ojúlé mi ni mo ti máa ké pé, "Mò ń lọ o!" Ó parí. Ìyàwó tó bá sẹ́ ògì lọ́jọ́ náà á da èérí sílẹ̀ fún adìẹ mi mọ́ tirẹ̀. Ewúrẹ́ mọ ọ̀nà ilé. Bí ó bá ṣìnà dé Ọjà'ba, ẹni tó bá rí àmì etí rẹ̀ á mọ ilé tó ti jáde. Gbogbo ènìyàn ló mọ èyí tó ń kàn nínú wọn àti èyí tó ń jalè. Ẹ̀yin lẹ lọ gba ilé tí ògiri yí ká, tó ní géètì, tí ẹnì kan kò mọ ohun tí ẹnì kejì ń sìn. Kò burú, ayé ti ń lọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ odi yí ara rẹ̀ ká gbọ́dọ̀ fi ẹnu sọ ohun tí agbo ilé ń fi ojú rí. Ohun tí o kò ṣe nìyẹn. Nítorí náà, bóyá Sàláwátù ló máa wá tàbí ẹlòmíràn, àwọn ohun tí o máa ṣe nìyí kí o tó lọ.

Èkínní, ènìyàn ṣáájú ẹran. Nígbà tí ẹ ń lọ sí Kàdúná lọ́dún tó kọjá, o ra àgbàdo kún àpò fún adìẹ, o kan ilé tuntun fún ajá, o wá ní kí Sàláwátù, ìyá rẹ, sùn ní yàrá tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Orí ẹní ni omi òjò ń kán sí. Wọ́n sún ẹní, omi tẹ̀lé wọn. O kò sọ fún wọn pé ilẹ̀kùn ilé ìdáná kì í ṣí àfi kí ènìyàn gbé e sókè kó sì fi ìdí tì í. Gaàrí ni wọ́n mu sùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí àmàlà tí o sè sílẹ̀ ń bàjẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Asọ̀rọ̀mágbèsì tí ẹ kàn mọ́ ògiri ń pariwo láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, wọn kò mọ ibi tí a ti ń pa á, wọ́n mú ìrọ̀rí, wọ́n fi dí i lẹ́nu. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ èyí, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n kò pa àwọn lẹ́rìn-ín.

Èyí tó wá burú jù ni ti búúta. Búúta kan ṣoṣo ló wà nílé yín, ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé lẹ ń gbé e sí, ajá yín sì ti sọ ọ́ di abọ́ omi rẹ̀. Ìwọ mọ̀. Làmídì mọ̀. Ìyá rẹ kò mọ̀. Wọ́n ti fi ṣe àlùwàlá, wọ́n ti kírun fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n tó jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n bá ajá pẹ̀lú ẹnu nínú búúta. Obìnrin tí kì í jẹ́ kí ìrun àsùbáà kọjá òun! Wọ́n tún gbogbo ìrun náà kí. Ra búúta tuntun, gbé e kọ́ sókè, kí o sì gbá igun kan mọ́ tí ajá kì í dé, kí o sọ pé, "Ibi ìkírun yín rèé." Ṣé ìyẹn náà le ni?

Èkejì, ọ̀rọ̀ ajá yẹn fúnra rẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin, ilé aládùúgbò lẹ wò kí ẹ tó sọ ajá lórúkọ. Ẹ ní ẹ ń bá Ìyá Dáúdà jà nílé kejì nítorí pé ó ń ròyìn yín fún onílé, ni Làmídì bá sọ ajá ní Òfófó-ò-gbẹ́gbàá. Ó dáa, ẹ ń bá ara yín jà, ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ kò sọ fún Sàláwátù. Wọ́n rò pé orúkọ lásán ni. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, bí ajá bá ti jáde, wọ́n á lọ dúró ti ògiri, wọ́n á ké tohùn-tohùn pé, "Òfófó-ò-gbẹ́gbàá! Òfófó-ò-gbẹ́gbàá, wá jẹun!" Ohùn Sàláwátù kò kéré, ìwọ náà mọ̀. Ìyá Dáúdà sì jókòó sí òdìkejì ògiri, ó ń ta ata, ó ń gbọ́. Kò pẹ́ tí kò fi dá wọn lóhùn mọ́ bí wọ́n bá kí i. Sàláwátù rò pé bóyá etí ló ń dùn ún. Fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, ibi tó máa já sí ń bọ̀.

Mo ti sọ fún ọkọ rẹ, mo tún ń sọ ọ́: ẹ wá orúkọ mìíràn fún ajá yẹn. Kí ìwọ náà sì lọ sílé Ìyá Dáúdà kí o tó rìnrìn àjò, kí o mú ẹni tó ń bọ̀ wá bá ọ gbé ilé dání, kí o ní, "Ìyá mi rèé, mo fi wọ́n sílẹ̀ fún yín o." Ẹni tí o bá ń bá jà náà lè wúlò lọ́jọ́ tí iná bá ń jó.

Ẹ̀kẹta, sọ ìwà ẹran kọ̀ọ̀kan kó má ku ẹyọ kan. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹran ara ẹni kì í hùwà burúkú lójú ẹni. Ajá yín máa ń jẹ aṣọ. O kò sọ. Fìlà ni Ìyá Oníyanrìn ń rán jẹun, o mọ̀ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni wọ́n sì gbé wá sílé yín. Fìlà etù tí ọkọ ìyàwó kan fẹ́ dé lọ síbi yìgì ni ajá náà gbé lọ sábẹ́ mọ́tò, ó fà á ya bí ẹni ń ya ewé. Wọ́n rán òmíràn láìsùn. Olóńgbò yín máa ń ṣí ìkòkò. O kò sọ. Ẹja ń dínkù nínú ọbẹ̀, wọ́n ń na ajá. Ajá náà jẹ̀bi fìlà, ṣùgbọ́n kò mọ nǹkan kan nípa ẹja.

Ká wí fún ni ká tó dá ni, àgbà ìjàkadì ni. Ìwọ kò wí, o kàn dá wọn ni.

Èyí tó kàn, n kò ka iye mọ́, inú ń bí mi. Jẹ́ kí ẹni náà wá bá ọ sùn nílé kí ẹ tó lọ, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún ajá lóúnjẹ lójú rẹ, kó kó adìẹ wọlé lójú rẹ. Nígbà tí mo wà ní ìyàwó tuntun, mo kó adìẹ mi lọ fún ìyá ọkọ mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun kí wọ́n bá mi tọ́jú wọn, nítorí pé mo fẹ́ lọ kí àwọn ènìyàn wa. Ọ̀sán gangan ni mo tú wọn sílẹ̀, mo yí padà, mo lọ. Ta ni kò mọ̀ pé a kì í tú adìẹ sílẹ̀ níbi tí kò tíì sùn? Èmi ni n kò mọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti túká, kálukú ń wá ọ̀nà ilé. Ìyá ọkọ mi, àgbàlagbà, ń rìn kiri abẹ́ Màpó, wọ́n ń pe adìẹ láàrin èrò. Wọn kò bá mi wí. Ṣùgbọ́n títí wọ́n fi kú, bí adìẹ bá ti kọjá níbi tí a jókòó sí, wọ́n á wò mí, wọ́n á ní, "Ìyàwó, ṣé tìrẹ kọ́ nìyẹn?" Ọjọ́ tí a bá kó adìẹ lọ síbòmíràn, ìrọ̀lẹ́ ni kí ó jẹ́, inú ilé adìẹ ni kí wọ́n sùn mọ́jú, kí a sì so àkísà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ènìyàn. Ẹni tí o mú wọ ilé lọ́jọ́ tí reluwé ń fọn fèrè, àlejò ni lójú ajá, àlejò ni lójú ara rẹ̀.

Tún fún ẹni náà láṣẹ lórí ẹran tó bá ń ṣàìsàn. Èyí ṣe pàtàkì, má fojú fò ó. Àkùkọ yín ń tòògbé lọ́dún tó kọjá, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Sàláwátù mú ọ̀bẹ, wọ́n lọ dúró tì í. Bí wọ́n bá pa á, wọ́n á ní wọ́n pa àkùkọ ẹlòmíràn jẹ. Bí wọn kò bá pa á, ó máa di òkúǹbete tí mùsùlùmí kankan kò ní fi kan ẹnu. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò ó, ó kú. Wọ́n sin ín sẹ́yìn ilé. Nígbà tí o dé, ohun tí o sọ ni pé, "Ha, kí ló dé tí ẹ kò pa á?" Ọmọ mi, o fi àmánà lé ènìyàn lọ́wọ́ láìfún un láṣẹ. Kí o tó lọ, sọ ọ́ níwájú ẹlẹ́rìí: "Èyí tó bá ń kú lọ, ẹ ṣe bisimilá kí ẹ pa á, kí ẹ jẹ ẹ́, n kò ní béèrè." Ọ̀rọ̀ díẹ̀ yìí ni yóò jẹ́ kí ẹni tó ń bá ọ ṣọ́ ilé rí oorun sùn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ewúrẹ́. Gbogbo èyí tí mo ti ń kọ, mo ń sá fún un ni.

Ọjọ́ tí ẹ ń lọ sí Kàdúná, èmi náà wà níbẹ̀. Takisí ti ń fọn lẹ́nu géètì. O sáré lọ sẹ́yìnkùlé, o fa ewúrẹ́ jáde, oyún rẹ̀ ti yọ gbangba, o fi okùn rẹ̀ lé Sàláwátù lọ́wọ́ níṣojú mi, o sì sáré wọ ọkọ̀. O kò sọ nǹkan kan mọ́. Nílé wa, Àbẹ̀kẹ́, ohun tí a ń pè ní àgbàsìn nìyẹn. Bí a bá fa okùn ẹran lé ènìyàn lọ́wọ́ níwájú ẹlẹ́rìí, tí ẹran náà bá bímọ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó bí méjì, ọ̀kan jẹ́ ti ẹni tó sìn ín. Ìyá ẹran jẹ́ tìrẹ, ọmọ kan jẹ́ tìrẹ, ọmọ kan jẹ́ tirẹ̀. Ẹnì kan kì í béèrè, ẹnì kan kì í tọrọ. Èmi tí mo dúró níbẹ̀ rò pé ohun tí o ṣe nìyẹn, inú mi tilẹ̀ dùn, mo ní ọmọ yìí mọ bí a ti ń dúpẹ́. N kò rántí pé ilé-ìwé tí ẹ ti ń sùn lo wà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń gba ẹran sìn. Bí o bá fẹ́ kó jẹ́ ìtọ́jú lásán, ẹnu lo máa fi sọ ọ́: "Ìyá mi, ẹ kàn bá mi wò ó ni o, ohun tí n ó fi dúpẹ́ rèé." Kò sí ẹni tó máa bínú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ ni ewúrẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọmọ ló kọ́kọ́ yọ. Sàláwátù sáré lọ síbi ògiri, wọ́n ń pe Ìyá Dáúdà kó wá bá àwọn di ẹran mú. Ìyá Dáúdà yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Ẹ pe Òfófó-ò-gbẹ́gbàá kó wá bá yín dì í mú," ó sì ti fèrèsé. Wọ́n padà wá nìkan. Wọ́n fi epo pa ọwọ́, wọ́n fi orúnkún di ẹran mú nínú ẹrọ̀fọ̀, wọ́n fa akọ jáde. Èkejì, abo, kò mí. Wọ́n fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú títí tó fi sín. Sàláwátù kò bí ọmọ láyé rẹ̀, Sìdí, àfi ìwọ tí wọ́n pọ̀n. Nígbà tí àwọn ọmọ ewúrẹ́ já lẹ́nu ọmú, wọ́n fi akọ sílẹ̀ fún ọ, wọ́n fa abo lọ sí Oníyanrìn.

Ẹ wá dé. Ìyá Dáúdà ti pàdé rẹ lẹ́nu géètì, ó ti kí ọ kú ewu ẹran tó bí ìbejì. O kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tí o fi lọ sẹ́yìnkùlé lọ ka ẹran. O kò tíì kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ gbogbo èyí fún mi, o ń rẹ́rìn-ín, n ó sì sọ ọ́ padà fún ọ bí o ṣe sọ ọ́.

O ní, "Ìyá, ọmọ ewúrẹ́ kan ni mo rí. Wọ́n ní méjì ló bí."

Wọ́n ní, "Ọ̀kan ti wà lọ́dọ̀ mi ní Oníyanrìn."

O ní, "Ta ló ní kí ẹ mú un lọ? Àbí ẹ ti tà á ni?"

Níwájú Làmídì. Níwájú Ìyá Dáúdà tó tẹ̀ lé ọ wọlé. Sàláwátù tún ìró wọn ró, wọ́n di fìlà wọn sínú aṣọ, wọ́n ní, "Ó dàárọ̀ o." Ní ọjọ́ kejì, o bá ọmọ ewúrẹ́ náà níbi tí wọ́n so ó mọ́ lára géètì, ìborùn tí o rà fún wọn bọ̀ láti Kàdúná, tí o fi ránṣẹ́ sí wọn lálẹ́ ọjọ́ náà, sì wà lórí géètì náà, wọ́n ká a dáadáa. O wá sọ fún mi pé, "Ẹ wò ó, wọ́n ti dá a padà, ọ̀rọ̀ ti tán." Ẹyin lohùn, Àbẹ̀kẹ́. O ń wo ẹyin tó fọ́ sílẹ̀, o ní ọ̀rọ̀ ti tán.

Mo lọ bẹ̀ wọ́n. O kò mọ̀ pé mo lọ. Mo ní ọmọdé ló ń ṣe ọ́, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Mo wá bi wọ́n pé kí ni wọ́n tilẹ̀ fẹ́ fi ewúrẹ́ ṣe, àwọn tí kì í sin ẹran. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ kó bí ni, kí ọmọ rẹ̀ náà bí. Lọ́jọ́ tí Ọlọ́run bá fún Sìdí lọ́mọ, tí wọ́n bá fẹ́ kó ọmọ jáde, mo fẹ́ fa ẹran wá níwájú àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀. N kò fẹ́ lọ lọ́wọ́ òfo."

Ẹran ìkómọ rẹ ni wọ́n ń sìn. Òun lo ní wọ́n ti tà.

Láti ìgbà náà, Sàláwátù kì í wá bá mi jẹun lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ mọ́. Bí a bá pàdé, á kí mi, á kúnlẹ̀, á béèrè orúnkún mi. Kì í dárúkọ rẹ. Kì í bú ọ, ìbá sàn kó bú ọ. Mo máa ń bu oúnjẹ méjì lọ́jọ́ Jímọ̀ láìmọ̀, n ó wá dá ọ̀kan padà sínú ìkòkò. A kò kéré mọ́, èmi àti òun. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kí ọ̀kan nínú wa kú kí ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ tó tán. Inú ń bí mi sí ọ, mo sì fẹ́ràn rẹ, méjèèjì ló wà nínú ìwé yìí.

Nítorí náà n kò ní bá ọ jẹ́ iṣẹ́ kankan. Ìwọ ni o máa lọ. Má lọ tọrọ pé kí wọ́n wá bá ọ ṣọ́ ilé. Bí wọ́n bá fẹ́ wá, wọ́n á sọ ọ́ fúnra wọn. Bí wọn kò bá fẹ́, wá ẹlòmíràn, kí o ṣe gbogbo ohun tí mo kọ sókè fún ẹni náà, òrùlé, búúta, ìwà ẹran, àṣẹ, àdéhùn. Bí o bá sì ti Jọ́ọ̀sì dé, kí ènìyàn kí o tó kí ẹran. Jókòó, mu omi tí wọ́n bá bù fún ọ, gbọ́ ìròyìn tí wọ́n bá ní láti sọ. Ẹran tó sọnù yóò ṣì wà ní sísọnù nígbà tí o bá dìde.

Mo gbọ́ lẹ́nu Mọ́mọ̀dù pé abo ewúrẹ́ yẹn ti dàgbà, pé òun náà ti lóyún. Fa okùn rẹ̀ lọ́la. Má fi rán ẹnikẹ́ni, má sì gbé e sínú ọkọ̀ Làmídì. Fi ẹsẹ̀ rìn, kí àwọn tó mọ̀ ọ́ ní Bẹẹrẹ rí ọ pẹ̀lú ewúrẹ́, kí wọ́n bi ọ́ ibi tí ò ń fà á lọ, kí o sì sọ fún wọn. Bí o bá dé Oníyanrìn, kúnlẹ̀, fi okùn náà lé wọn lọ́wọ́. O kò ní láti sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò tíì ṣe ọ́ ní oore kan rí.

Bí wọ́n bá gba okùn náà, má béèrè ibi tí wọ́n máa so ẹran mọ́. Èèkàn tí wọ́n rì fún un lọ́dún tó kọjá ṣì wà lábẹ́ igi ìbẹ́pẹ níwájú ilé wọn. Mo ní kí wọ́n fà á tu kó má baà gún ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀. Wọn kò fà á tu. Bí wọ́n bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀, wọ́n ń gbá a yí i ká.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àsíátù.